Ibi Tí Òbí Yóò Fọwọ́ Sí

Ìbíwùmí, fọ́ọ̀mù rẹ ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Àìkú.
Ife tíì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.
Àmì ìdí ife ti rí róbótó báyìí
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: Òbí tàbí Alágbàtọ́.
Bíró wà lọ́wọ́ mi. Yíǹkì rẹ̀ kò gbẹ.
Èmi ni mo gbẹ.

Gbogbo Ìsọ̀kùn ló mọ̀ mí sí Bàbá Géètì.
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣílẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì
fún àwọn ọmọ tí kò dàgbà tó bàtà tí mo wọ̀ ní Monrofíà.
Mo ń gbọ́wọ́ sí iwájú orí, mo ń kí wọn bí ọ̀gá,
wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni.
Ẹsẹ̀ òsì mi mọ̀ pé kì í ṣe eré:
bí òjò bá ṣú níhà Òkè-Ẹ̀ṣà,
òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

O wá ń ka ọ̀nà fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà
bí ìgbà tí ìyá rẹ ń ka iye ọ̀pá aṣọ fún oníbàárà:
Ti Kàdúná ti bọ́, ọjọ́ orí rẹ ti fò ó.
Ti agùnbánirọ̀ ń bọ̀ lọ́nà,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àgọ́, ṣòkòtò kákí,
kí wọ́n tó rán ọ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò
ní ìlú tí o kò mọ orúkọ odò rẹ̀.
Ti Man-o-wọ̀ lo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀,
tí ẹ ń sáré yí pápá ká kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà tán.
Ó wá ku èyí tó wà lábẹ́ ife:
“Bàbá, ẹni tó ti gboyè ni wọ́n ń wá.
Oṣù mélòó kan péré, ìràwọ̀ á ti dé èjìká mi.”

Ìràwọ̀!
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi sìn,
ìlà mẹ́ta ló mọ lápá mi.
Ọjọ́ tí o bá wọlé pẹ̀lú ìràwọ̀ yẹn,
èmi tí mo bí ọ ni n óò nàró kí ọ.

Ìyá rẹ kò sọ̀rọ̀. Maṣíìnì ló ń tẹ̀,
yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, aláwọ̀ ewé.
Ìgbà tó dìde ni mo rí i
pé ó ti rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan pa.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.
Òótọ́ ni. Arọ náà rèé, kò pa mí.
Ṣùgbọ́n Táńkò, ọmọ Míńnà, kì í ṣe arọ.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé pérépéré
nígbà tí a gbé e.

N kò sọ èyí fún ọ rí. Mo kàn bi ọ́ pé, kí ló dé?
Mo ti múra èsì sílẹ̀ fún owó oṣù,
fún àìríṣẹ́, fún ìfẹ́ ìlú pàápàá.
O wo abẹ́ àga mi, o ní:
“Bàbá, gbogbo alẹ́ Sátidé
lẹ ṣì ń kun bàtà tí ẹ kò wọ̀ mọ́.”

Ó dáa. N kò tíì fọwọ́ sí i o.
Aago márùn-ún àárọ̀ ọ̀la, jáde.
A ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ìwọ lẹ́sẹ̀,
èmi lẹ́yìn ọ̀kadà Ajíṣafẹ́, n óò máa kà fún ọ.
Bí èébì bá gbé ọ, bì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí o máa bọ̀.
Má wẹ̀yìn wò mí.

Ìyá rẹ ti gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ọ̀nà.
Èmi kọ́ ni mo ní kó gbé e síbẹ̀.